Epo Tó Jókòó Pẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun kì í ní ìṣòro tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí mo dàgbà sí, epo tí awakọ̀ bá rà láàárọ̀ kì í sùn mọ́jú. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ẹ́ńjìnnì ń jó o, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ra òmíràn. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, létí omi Chesapeake, níbi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe báyìí, ni mo ti wá mọ irú ọkọ̀ mìíràn: èyí tí wọ́n rà fún fàájì, tó ń wọ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà ooru, tó sì ń fi gbogbo ìgbà òtútù jókòó lórí tírélà lábẹ́ tapólì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà bàjẹ́ lórí omi. Orí ìdúró ló ti ń bàjẹ́, epo inú tánkì rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú.

Ilé epo ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lónìí ló ní ethanol nínú, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. E10 ni wọ́n ń pè é. Ethanol yìí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá: ọtí inú ògógóró gan-an ni. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ti Brazil, níbi tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá lórí rẹ̀ láti 1975. Òfin tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 2005, tí wọ́n tún fẹ̀ sí i ní 2007, ló pàṣẹ pé kí epo tí a rí láti ara irè oko máa wọ inú epo mọ́tò. Mọ́tò kò rí i bí ìnira. Tánkì mọ́tò dé pinpin, epo inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó jó tán. Tánkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ń mí ní tirẹ̀. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lóru nígbà tí tánkì bá tutù, tó sì ń gbà jáde lọ́sàn-án nígbà tó bá gbóná. Ọ̀rinrin ń bá afẹ́fẹ́ yẹn wọlé, ara irin tánkì á sì làágùn sínú epo.

Kí ni omi ń ṣe níbẹ̀? Ẹ da omi sínú pẹtiróòlù lásán, omi á rì sísàlẹ̀, epo á léfòó sókè. Ẹ da omi sínú ògógóró, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ethanol ń bá epo rẹ́, ó sì ń bá omi rẹ́, ṣùgbọ́n omi ló fẹ́ràn jù. Bí omi inú tánkì bá kéré, ethanol á gbé e mọ́ra, ẹ́ńjìnnì á jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sí wàhálà. Ààlà wà fún un, ṣùgbọ́n ó kéré. Gálọ́ọ̀nù E10 kan, nígbà tí ooru rẹ̀ bá tó dẹ́gírì 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò lè gbé omi tó ju bíi ṣíbí tíì mẹ́rin lọ. Ohunkóhun tó bá lé lórí ìyẹn, ethanol á kọ pẹtiróòlù sílẹ̀, á tẹ̀lé omi, àwọn méjèèjì á jọ rì sí ìdí tánkì.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún tánkì tó gba 40 gálọ́ọ̀nù. Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ethanol. Omi tí kò tó lítà kan ti tó láti tú u ká, bó bá sì ti tú ká, ethanol yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, á bá omi lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni ẹnu páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa epo wà. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ọtí olómi ni ẹ́ńjìnnì máa kọ́kọ́ mu, kò sì ní jó. Epo tó kù lókè náà ti rọ, nítorí ethanol wà lára ohun tó ń gbé octane rẹ̀ ga. Òtútù tún ń mú ọ̀ràn náà le, torí bí epo bá ṣe ń tutù sí i ni omi tó lè gbé ń dín kù. Epo tó mọ́ gaara ní oṣù Kẹsàn-án lè ti pín sí méjì ní oṣù Kejìlá láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan kún un.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bínú sí afẹ́fẹ́ nìkan: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í tètè ba epo jẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbà. Ohun tí mo máa ń rí jù ni ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da epo sí. Rọ́bà róbótó kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò wọ́n rárá, òòrùn á sì gbẹ ẹ títí á fi sán. Òjò á dà sórí ọkọ̀, omi á gba ojú sísán yẹn wọlé, oṣù mẹ́fà ni yóò fi máa wọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí ní oṣù Kẹrin pé ọkọ̀ àwọn ń tan, ó ń kú. Wọ́n ti ra pílọ́ọ̀gì tuntun, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì. Mo kí wọn tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì náwó mọ́. Ẹ bá mi wá ìgò kan tó mọ́ gaara." Mo fa epo díẹ̀ láti ìdí tánkì sínú ìgò náà, mo gbé e sórí tábìlì níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Kò pẹ́ tí ìlà kan hàn láàárín rẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á.

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Àbúrò, ṣé omi ló wà nísàlẹ̀ yìí?"

"Omi àti ọtí ni, sà. Wọ́n ti jọ kó jáde kúrò nínú epo."

"Kò wá sí oògùn tí a lè dà sí i kí ó tún lè pò?"

"Kò sí, sà. Ká fà á dànù ló kù."

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí yìí ni gbogbo ènìyàn ń bi mí, ìdáhùn yẹn ni wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́. Oríṣiríṣi ìgò ló wà lórí àtẹ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ọkọ̀. Èyí tó dára nínú wọn, oògùn tí ń pa epo mọ́, ń ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n inú epo tuntun ni wọ́n ń dà á sí kó má bàa tètè ṣá. Kò sí èyí tó lè dá epo tó ti tú ká padà. Àwọn ìgò kan tí wọ́n ní ń gbẹ omi inú epo, ọtí ló kún inú wọn. Epo tó ti ní ìdá mẹ́wàá ọtí tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ fi ọtí mìíràn ṣe nínú rẹ̀? Ẹ fi owó yẹn ra rọ́bà ìdérí.

Omi nìkan kọ́ ni wàhálà. Pẹtiróòlù fúnra rẹ̀, yálà ethanol wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, ń ṣá. Apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tí ń jẹ́ kí iná tètè ràn án, á fẹ́ lọ. Ìyókù á ki, á di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi, á sì lọ dí àwọn ihò tín-tìn-tín inú kabúrétọ̀. Bí epo bá ti tó oṣù mẹ́ta nínú tánkì tó ń mí, tí a kò fi oògùn sí i, èmi kì í fọkàn tán an mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ti ra sólà, tí jẹnẹrétọ̀ yín ń jókòó ní kọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ pa kọ́ọ̀kì epo rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí kabúrétọ̀ lè gbẹ kí ẹ tó gbé e pamọ́.

Ethanol tún ń fọ nǹkan. Ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ara tánkì àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tú u sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì lọ kó sínú fílítà. Họ́ọ̀sì rọ́bà àtijọ́ ń wú, ó ń rọ̀, ó sì lè máa jo epo sínú ikùn ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù jù, nítorí èéfín pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, iná bíńtín láti ara wáyà bátìrì sì tó láti fọ́ ọkọ̀ náà túútúú. Tí ẹ bá fẹ́ ra họ́ọ̀sì, ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. A1-15 ni kí ẹ wá. Nígbà tí ethanol gbòde ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 2006, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi fáìbà ṣe tánkì wọn rí màbo: ethanol yọ́ ohun tó di fáìbà náà pọ̀, ẹrẹ̀ dúdú kan sì lọ lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì.

E15 náà ti wà lójú pópó báyìí, wọ́n sì máa ń tà á ní owó pọ́ọ́kú lábẹ́ orúkọ Unleaded 88. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún mọ́tò tí wọ́n ṣe ní 2001 àti lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kọ̀ ọ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Ìwé aláwọ̀ ọsàn àti búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fa ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò wọ ilé epo láàárọ̀ Sátidé, tó ń kánjú kí òòrùn tó mú, lè má kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á.

Nílé, ìjọba Nàìjíríà ti gbé ìlànà jáde láti 2007 pé kí ethanol wọ inú epo mọ́tò dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì fi ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ṣe é. Ìbátan ethanol kan ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà kọ́kọ́ mọ̀, ìyẹn methanol, tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo tí wọ́n kó wọ̀lú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ẹ̀yin náà rántí bí ìlà ṣe gùn ní ilé epo nígbà náà. Methanol fẹ́ràn omi bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìgò tó mọ́ gaara sì máa ń tú àṣírí àwọn méjèèjì bí omi bá ti tú wọn jáde kúrò nínú epo.

Ohun tí mo ń ṣe fún ọkọ̀ tó fẹ́ wọ ìgbà òtútù nìyí. Ní oṣù Kẹwàá, mo máa ń ra epo tuntun, mo sì ń kún tánkì tó wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ní kí tánkì ṣófo ló dára. Mi ò gbà, nítorí irú tánkì bẹ́ẹ̀ kì í ṣófo tán. Díẹ̀ á ṣẹ́ kù sí ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba gbogbo ìyókù, á máa làágùn sórí rẹ̀. Àyè díẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ wà fún ìgbà tí epo bá gbóná tó sì fẹ̀. Bí mo bá rí epo tí kò ní ethanol ní èbúté, òun ni mo máa ń kún un, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Oògùn tí ń pa epo mọ́ ni mo ń kọ́kọ́ dà sínú tánkì kí n tó da epo lé e, kó lè pò. Lẹ́yìn náà, mo á fi họ́ọ̀sì omi sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba omi, mo á tan án fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí epo tó ti gba oògùn lè dé inú kabúrétọ̀ àti gbogbo páìpù. Oògùn tó wà nínú tánkì nìkan kò dáàbò bo kabúrétọ̀. Mo á wá pààrọ̀ fílítà tí ń ya omi sọ́tọ̀, oní-maikirọ́ọ̀nù 10, mo á sì wo rọ́bà ìdérí.

Tánkì kékeré tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ yàtọ̀. Ẹ da epo inú rẹ̀ sínú mọ́tò yín nígbà tó ṣì dára, bí ẹ kò bá ti po ọ́ìlì mọ́ ọn.

Epo tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sínú omi. Ẹ má fi ẹnu fà á o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lo pọ́ńpù ọlọ́wọ́, ẹ rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún epo, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba ohun olóró. Ní ti ẹ̀gbọ́n wa, gbogbo tánkì la fà gbẹ, epo òkè àti ohun tó wà nísàlẹ̀, torí epo òkè yẹn náà kò ní agbára mọ́. A fi rọ́bà tuntun sí ìdérí, a yí fílítà, a tú kabúrétọ̀ fọ̀. Mo ní kí wọ́n má kún tánkì mọ́ nígbà ooru. Kí wọ́n máa ra ìwọ̀n tí wọ́n máa jó tán láàárín oṣù kan, kí ó di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó kún un. Bí oṣù Kẹrin bá sì tún dé, kí wọ́n fa epo láti ìdí tánkì sínú ìgò kí ọwọ́ wọn tó kan kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí ìlà láàárín rẹ̀, kí wọ́n tan ọkọ̀.