Kí A Tó Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mẹ̀sí tòkunbọ̀ a máa dán gbinrin, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Àgọ́-Àmọ̀dù kò sì jìnnà sí ibodè Benin. Mọ́tò tí kò níwèé owó ibodè, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ẹ fi nọ́ńbà ṣaṣí, tí í ṣe àmì 17, wé èyí tó wà nínú ìwé. Kí mẹkáníìkì yín tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù. Bí èéfín rẹ̀ bá rí bí aró, ó ń jẹ ọ́ìlì.

Bí mọ́tò bá lọ, gbèsè kò lọ. Ọrùn onídùúró ló ń bọ́ sí.