Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Epo kpayo

Lẹ́sẹ̀ òkè Dassa, létí títì Kutọnu sí Parakou, ẹ ó rí bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo nínú ìgò ńláńlá, tí oòrùn ń pa á. Èyí tó ń ṣàn nínú ìgò kọ́ ló ń gbaná, oru rẹ̀ tí ojú ò rí ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà lọ títí tí yóò fi dé ìdí ààrò alákàrà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo náà sí jóná ní Sèmè-Kraké. Ó lé ní 30 ẹ̀mí tó bá a lọ.

Ẹ pa alùpùpù kẹ́ ẹ tó rọ epo. Ẹ má fẹnu fà á o, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bàjẹ́. Tó bá gbaná, iyanrìn ni kẹ́ ẹ dà lé e, kì í ṣe omi: orí omi lepo ń léfòó, iná á kàn bá a ṣàn dé ilé aládùúgbò ni.