Ta Ni Ọ̀gá Jù Lọ Nínú Àwọn Tó Ń Gbá Kíríkẹ́ẹ̀tì?

Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 19 fi run 2 péré na New Zealand ní ìdíje àgbáyé ní Malaysia, ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ò kúrò lẹ́nu wa mọ́ ní họ́sítẹ̀lì. Ìbéèrè tó sì máa ń dìjà ni pé: nínú gbogbo batsman tó ti gbá a rí, ta ló ga jù? Ẹnì kan á pariwo Tendulkar, ẹlòmíì á ní Lara ni, ẹlòmíì á ní Kohli, títí agogo oorun á fi lù. Mo fẹ́ ṣàlàyé bá a ṣe lè dá ẹjọ́ yìí láìpariwo.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Batsman ni ẹni tó mú pátákó lọ́wọ́. Igi 3 wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì á sì ju bọ́ọ̀lù líle sí i. Bó bá gbá a, òun àti ìkejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ àyè, ìyẹn run kan. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé etí pápá, run 4 ni. Bó bá fò kọjá láìkanlẹ̀, 6 ni. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ba igi yẹn, tàbí tí ẹnì kan bá hán an kó tó kanlẹ̀, ó ti out nìyẹn. Ẹni tó bá gbá run 100 kó tó out, ó ti gba century. Eré tó gùn jù ni Test, ó lè gba ọjọ́ 5 gbáko.

Báwo la ṣe ń wọn batsman? Ẹ wo káàdì èsì yín, ẹ ó rí average níbẹ̀. Kíríkẹ́ẹ̀tì náà ní tiẹ̀: wọ́n á kó gbogbo run èèyàn jọ, wọ́n á fi iye ìgbà tó out pín in. Bí mo bá gbá 30 tí mo sì out, tí mo tún gbá 50 tí eré parí láìjẹ́ pé wọ́n rí mi mú, run mi jẹ́ 80, ẹ̀ẹ̀kan ni mo out, average mi jẹ́ 80. Nínú Test, ẹni tí average rẹ̀ bá dé 50 fún ọdún púpọ̀, akọni ni.

Ẹ wá gbọ́ ti Donald Bradman, ọmọ Ọsirélíà. Wọ́n bí i ní 1908, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Bowral ló sì dàgbà sí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń mú ọ̀kan nínú àwọn igi wíkẹ́ẹ̀tì, igi tín-ín-rín, á fi gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mọ́ ìdí táǹkì omi ilé wọn. Bọ́ọ̀lù á ta padà wàrà, òun náà á tún gbá a. Kí ẹni tó bá rò pé ó rọrùn lọ fi igi mọ́ọ̀pù gbìyànjú ẹ̀ wò.

Láàárín 1928 sí 1948, Bradman gbá Test 52. Ó wọlé ní ìgbà 80, ìgbà 10 ni wọn ò rí i mú, ó wá ku ìgbà 70 tó out. Run rẹ̀ jẹ́ 6,996. Ẹ mú bírò: ẹ fi 70 pín 6,996, ẹ ó rí 99.94. Ní oṣù Kẹjọ 1948, nígbà tó wọlé kẹ́yìn ní pápá The Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, run 4 péré ló kù kí average rẹ̀ pé 100 géérégé. Eric Hollies ju bọ́ọ̀lù kejì sí i, bọ́ọ̀lù yọ́ wọlé, ó ba igi. Òdo! Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àwọn alátakò mi náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o. Sachin Tendulkar ti Íńdíà gbá Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1989 ní Karachi, ọmọ ọdún 16 ni, ọdún 3 péré ló fi jù mí lọ. Títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 2013, ó gbá Test 200, run 15,921, àti century 100 tá a bá pa Test àti eré ọlọ́jọ́ kan pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti àkísà, Tendulkar ni bàbá. Brian Lara ti West Indies ni ẹnì kan ṣoṣo tó gbá run 400 lẹ́ẹ̀kan náà nínú Test, ní Antigua lọ́dún 2004, wọn ò sì rí i mú. Virat Kohli gba century rẹ̀ tó pé 50 nínú eré ọlọ́jọ́ kan ní 2023, ó kọjá 49 ti Tendulkar. Viv Richards ní tiẹ̀ kì í dé akoto, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i lágbára bí ìbọn.

Wọ́n á wá ní ayé Bradman rọrùn: wọn ò sáré ju bọ́ọ̀lù bíi tòní, Ẹ́ńgláǹdì ló sì ń bá gbá jù. Èmi náà lè dáhùn pé kò sí akoto nígbà yẹn, wọn kì í sì í bo ilẹ̀ pápá bí òjò bá ń rọ̀. Àríyànjiyàn yẹn ò lè parí, torí a ò lè mú Bradman wá sí òde òní, a ò sì lè dá Tendulkar padà sí 1930. Ohun tá a lè ṣe ni ká fi olúkúlùkù wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tí òjò kan náà pa tí oòrùn kan náà pa.

Average Tendulkar nínú Test jẹ́ 53.78. Àwọn tí wọ́n jọ gbá nígbà náà ń kọ́? Kallis ní 55.37, Lara 52.88, Ponting 51.85. Wọ́n sún mọ́ra gan-an. Nígbà Bradman, àwọn tó tẹ̀ lé e ni Headley tó ní 60.83 àti Sutcliffe tó ní 60.73. Ká ní kíláàsì wa ni, ẹni tó ṣe ipò kejì gba 60, ẹni àkọ́kọ́ gba 99! Bó bá jẹ́ pé ìdánwò ló rọrùn, ṣebí àwọn tó kù náà ì bá gba 90? Kódà ní 1932 sí 1933, nígbà tí Ẹ́ńgláǹdì mọ̀ọ́mọ̀ ń ju bọ́ọ̀lù sí i lára kó lè bẹ̀rù, average rẹ̀ ṣì lé ní 56. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìṣubú fún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú nínú ìṣirò yìí. Ẹ wo George Headley, ọmọ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Láti 1930 sí 1954, Test 22 péré ló rí gbá, torí West Indies kì í sábà rí Test gbá nígbà yẹn, ogun àgbáyé sì tún dá eré dúró. Síbẹ̀ ó gba century 10. Ẹ tún wo Basil D'Oliveira, ọmọ Cape Town. Nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó gbá fún South Africa. Ó kó lọ sí Ẹ́ńgláǹdì, ó sì ti lé ní ọmọ 30 ọdún kó tó gbá Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1966. Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ dàgbà ò rí ọ̀nà lọ rárá. Wọn ò ní average kankan, bí ọmọ tó mọ̀wé àmọ́ tí wọn ò jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Káàdì èsì kò lè sọ ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, Bradman ló ga jù, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ti àwọn tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé ò bá gbà, kó kọ tiẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀, àmọ́ kó mú ìṣirò dání o, kó fi ariwo sílẹ̀ sí họ́sítẹ̀lì. Ire o.