Òjò, Odò àti Kànga: Omi Kan Náà Ni

Ọ̀rọ̀ omi ni a mú wá fún yín lónìí. Kò sí ilé kan ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, a óò máa gbọ́ ìró korobá tí ń ha ìsàlẹ̀ kànga, àwọn ọmọdé a sì máa wá omi kiri láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà náà ni baálé ilé yóò pinnu láti gbẹ́ kànga mìíràn, ẹni tí ó lówó díẹ̀ a sì pe àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀. Ìpinnu náà dára. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó na owó rẹ̀ sí inú ilẹ̀, ó tọ́ kí ó mọ bí omi ti ń gbé níbẹ̀. Òjò tí ń rọ̀, odò tí ń ṣàn àti omi tí ó wà nínú kànga kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ohun tí a bá ṣe sí ọ̀kan, a ti ṣe é sí àwọn yòókù.

Ọ̀tìn ni odò tí gbogbo agbègbè yìí mọ̀ ní ìyá. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ń jẹ́, èyí tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí Ìnísà sì wà nínú rẹ̀. Ìkìrun, olú-ìlú Ìfẹ́lódùn, sì jẹ́ aládùúgbò wọn. Àwọn baba wa bọ odò yìí, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀, wọn kò sì ṣèèṣì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n jẹ́ olórí rẹ̀, ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní Ìkìrun, àwọn tí ń sá lọ dé etí Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì já lu omi, wọ́n kú sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí oṣù tí ogun náà jà. Ní oṣù kọkànlá, òjò ti ń dá lọ, ṣùgbọ́n odò náà ṣì jìn tó láti gbé akọni lọ. Níbo ni odò ti ń rí omi nígbà tí ojú ọ̀run ti mọ́? Láti inú ilẹ̀ ni. Òjò tí ó ti rọ̀ láti oṣù kẹrin ti rin ilẹ̀ gbingbin, ilẹ̀ sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí inú odò láti abẹ́ etí rẹ̀. Bí omi inú ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀, odò náà a fà, ìdí rẹ̀ a sì hàn síta ní oṣù kejì àti oṣù kẹta.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá kò gbà pé òjò nìkan tó láti bọ́ odò. Àwọn kan gbà pé ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ni omi òkun ń gbà wá sí abẹ́ òkè. Ní ọdún 1674 ni Pierre Perrault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé tí ó fi tú àṣírí náà. Ó wọn òjò tí ó rọ̀ sí òkè odò Seine, ó ṣírò omi tí odò náà ń gbé lọ, ó sì rí i pé òjò náà tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí ń bẹ nínú odò. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye omi ìlú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wọn òjò rẹ̀.

Àwa náà kò ṣàì ní òjò. Òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè wa tó 1,200 sí 1,400 mìlímítà lọ́dún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni oòrùn ń fà padà lọ sí òkè, tàbí tí igi àti koríko ń mu. Òmíràn a di àgbàrá, a sì sáré wọ odò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń rọra wọ ilẹ̀ lọ, òun ni a sì ń fà nínú kànga.

Ilẹ̀ tí a tẹ̀ dó yìí kì í ṣe ilẹ̀ yanrìn bí ti Èkó. Ẹni tí ó bá wo àwọn òkè àpáta tí ó yọrí ní Ìkìrun ti rí ohun tí ó wà ní abẹ́ ilé rẹ̀. Àpáta àtayébáyé ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Àpáta tí ó le dáadáa kì í gba omi sára, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ pé omi tí a bù sí orí ọlọ kì í wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ti jẹ ojú àpáta náà fún ìgbà pípẹ́, ó ti di amọ̀, yangí àti yanrìn. Inú ìpele tí ó ti jẹrà yìí ni omi kànga wa ń gbé. Ibòmíràn tí omi tún ń fara pamọ́ sí ni ojú ibi tí àpáta gbé là ní ìsàlẹ̀, òun sì ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ ń wá, bí ó tilẹ̀ jìn tó mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele jíjẹrà náà kò nípọn bákan náà níbi gbogbo. Ó lè jìn ní ojúlé kan, kí àpáta sì súnmọ́ òkè ní ojúlé kejì. Ìdí nìyí tí kànga bàbá kan fi lè ní omi títí di oṣù kẹta, kí ti aládùúgbò rẹ̀ sì gbẹ kí ọdún Kérésìmesì tó kọjá. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í sì ṣe orí burúkú.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kì í fi ojú lásán yan ibi tí wọn yóò lù. Wọn a gún irin mẹ́rin mọ́ ilẹ̀ ní ìlà kan. Wọn a rán iná mànàmáná gba méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun, wọn a sì fi méjì ti àárín wọn bí ilẹ̀ ti gbà á. Ilẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ a jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́, àpáta gbígbẹ a sì kọ̀ fún un. Bí wọ́n ti ń sún irin ìpẹ̀kun jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sí i. Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dán ọ̀nà yìí wò ní ọdún 1912, ó sì ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n amọ̀ tútù náà a máa jẹ́ kí iná kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í tú omi sílẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó túmọ̀ ohun tí irin bá sọ. Owó ìwádìí kéré púpọ̀ sí owó ihò gbígbẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìmọ́tótó. Omi tí ń rìn nínú ilẹ̀ ń gbé ohun tí ó bá pàdé lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ṣáláńgá bá wà ní apá òkè, tí kànga sì wà ní apá ìsàlẹ̀ nínú àgbàlá kan náà, omi náà lè mọ́ gaara lójú kí ó sì jẹ́ májèlé nínú. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kí kànga wà ní apá òkè, kí ó ní etí gíga àti ìdérí.

Ẹ rántí sòbìà. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ó ní in jákèjádò Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Inú omi adágún tí a kò sẹ́ ni kòkòrò rẹ̀ ti ń wọ ara, ní ìwọ̀n ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn náà yóò sì yọ jáde, tí àgbẹ̀ kò ní lè dé oko. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó dára àti ìkìlọ̀ láti ilé dé ilé ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ pé ohun tí a bá kà, tí a sì wọ̀n, a lè borí rẹ̀.

Bí a bá sì ń sọ ti odò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìdọ̀tí tí òun dà sí i ti bá omi lọ. Ọ̀tìn ni a sé ní Èkó-Ẹ̀ndẹ́ láti pèsè omi fún Ìkìrun àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀. Níwájú, Ọ̀tìn pàdé Ẹrinlẹ̀, tí a sé ní Ẹdẹ fún omi Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ẹrinlẹ̀ wọ Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí inú ọ̀sà Lẹ́kí. Ohun tí a bá dà sí odò ní òkè, inú ìkòkò ará ìsàlẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Èkíní, kí a gba òjò. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, ń gba lítà 100 nínú òjò mìlímítà kan péré. Nínú òjò 1,200 mìlímítà, lítà 120,000 ni, èyí tí í ṣe 6,000 korobá onílítà 20. Bí ìdajì rẹ̀ tilẹ̀ ṣòfò, 3,000 korobá kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ojú títì.

Èkejì, kí a má ṣe ro oko dé etí odò gan-an, kí a sì dá igi orísun rẹ̀ sí, nítorí gbòǹgbò ni ó ń là ọ̀nà fún òjò láti wọ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó borí gbalaja, àgbàrá ni yóò kó òjò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, tí kò ná wa ní owó kankan, ni kí olúkúlùkù ilé ní ìwé kékeré kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, kí a so òkúta mọ́ okùn, kí a sọ ọ́ sí kànga, kí a wọn láti etí kànga dé ojú omi, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe é. Bí ilé mélòó kan ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí ìjọba tàbí Àjọ Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, bá rán onímọ̀ wá, a óò ní ohun tí a lè gbé lé e lọ́wọ́ ju ẹkún lọ.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.