Igbó inú Yàrá àti Aago Irúgbìn

Irú igbó kan wà tí àwọn ènìyàn ń gbìn sínú yàrá lábẹ́ iná mànàmáná, èyí tí ó ń tanná fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ ojúmọ́ gùn, ìbáà jẹ́ ó kúrú. Àwọn tí ń polówó rẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́ ló ń ná ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ ọ̀dọ́ tí ń wáṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà létí. Ó yẹ kí a tú u palẹ̀: kí ni ó ń mú irúgbìn tanná, ta ni igbó yìí sì wúlò fún?

Ọ̀pọ̀ irúgbìn ní aago tirẹ̀, òkùnkùn ni wọ́n sì fi ń ka wákàtí rẹ̀. Bí òru bá ti gùn tó, ewé yíyọ yóò dín kù, òdòdó yóò sì yọ. Igbó wà lára irúgbìn tí Julien Tournois, ará Faransé, fi ṣe àwárí yìí ní 1912. Ní 1920, Garner àti Allard fi taba àti ẹ̀wà sóyà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní Rọ́ṣíà, ojúmọ́ ìgbà ooru gùn púpọ̀, òtútù sì ń tètè dé. Irúgbìn tí ó bá ń dúró de òru gígùn níbẹ̀ lè kú kí ó tó so. Igbó kúkúrú kan wà níbẹ̀ tí Janischewsky sọ ní ruderalis ní 1924. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló fi ń tanná, kì í wo òru. Wọ́n mú un dàlú pẹ̀lú irú mìíràn, èso ìdàlú náà sì ni igbó inú yàrá yìí.

Ṣùgbọ́n ní Àkókó, ojúmọ́ tí ó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Òru tí ó tó kò wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí ó bá tan gílóòbù wọ́ọ̀tì 100 fún wákàtí 18 lójúmọ́ yóò jó yúníìtì iná 135 ní ọjọ́ 75, nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lóde.

Òfin ńkọ́? Òfin 1966 ní kí a pa ẹni tí ó bá gbin igbó, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. A yọ ikú kúrò ní 1975, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989, ẹ̀wọ̀n gbére lè jẹ́ èrè rẹ̀. Ògiri yàrá kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di àìṣẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n irúgbìn tí kì í dúró de òru kò mọ sórí igbó nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà àbáláyé ń dúró de òru gígùn. Bí òjò bá tètè dá, àgbẹ̀ pàdánù. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní 1967, mú ẹ̀wà tí kì í dúró jáde ní nǹkan bí 1980 sí 1989, èyí tí ń gbó ní bí ọgọ́ta ọjọ́. Irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ lè gbó kí òjò àròkúrò tó dá, kò gba gílóòbù, kò sì sí ọlọ́pàá tí yóò bi olóko léèrè. Igi gangaran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.