Bí Alágbàtà Asúráǹsì Bá Jẹ Owó Yín, Kí Ni Kí Ẹ Ṣe?

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ tòní, àmọ́ ó kan ara pẹ̀lú. Ọjọ́ tí alùpùpù bá gbá ènìyàn la máa ń mọ̀ bóyá owó asúráǹsì tí a san dé ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Asúráǹsì ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní adójútòfò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dá owó díẹ̀ díẹ̀ jọ sí ilé-iṣẹ́ kan. Ẹni tí àdánù bá dé bá nínú wọn, wọ́n á mú nínú owó náà ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe kò ní gba owó padà, á kàn dúpẹ́ ni. Òfin ní dandan ni fún ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń rìn lójú pópó: mọ́tò ni o, kámíọ̀ ni o, alùpùpù zémidjan náà wà níbẹ̀. Ìwé òfin CIMA ló sọ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 14 ló jọ ń lò ó, Benin wà lára wọn. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yaoundé ní 1992, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995.

Níbo wá ni jìbìtì ti ń wọlé? Ilé-iṣẹ́ asúráǹsì kì í sábà wá sí abúlé. Alágbàtà ló ń wá. Ó mọ orúkọ yín, ó mọ orúkọ ìyá yín, bóyá ẹ tiẹ̀ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe wàhálà lọ sí ìlú. Ẹ kó owó wá, màá bá yín ṣe é." Ẹ kó owó fún un, ó fún yín ní ìwé tó ní òǹtẹ̀. Ọlọ́pàá wò ó lọ́nà, ó ní kí ẹ máa lọ. Ọkàn yín balẹ̀.

Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ni alágbàtà burúkú lè ṣe. Ó lè kó gbogbo owó sápò kó tẹ ìwé irọ́ fún yín. Ó lè san owó oṣù mẹ́ta fún ilé-iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yin san ti ọdún kan. Ó tún lè kọ ọ́ pé alùpùpù tí ẹ fi ń gbé èrò jẹ́ èyí tí ẹ kàn fi ń lọ sóko, kí owó lè dín, kó sì jẹ ìyókù. Ẹ̀kẹta yìí ló fara pamọ́ jù. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ á ní: "Ohun tí a bá yín ṣe àdéhùn lé lórí kọ́ nìyí."

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2011, òfin CIMA ti sọ pé bí owó kò bá tíì wọlé, asúráǹsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, alágbàtà tó ní òun á bá yín san án, kí ẹ wá dá a padà tí ẹ bá ta àgbàdo, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti san án lóòótọ́. Bí kò bá tíì san án, kò sí asúráǹsì lórí ọkọ̀ yín.

Ẹlòmíràn á ní: "Ẹni tí a mọ̀ ni, kò lè ṣe irú ẹ̀." Ẹ rántí ICC Services. Èlé ni àwọn yẹn ń ṣèlérí, wọn kì í ṣe ilé-iṣẹ́ asúráǹsì, àmọ́ ojú mímọ̀ kan náà ni wọ́n fi mú ènìyàn. Ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́, gbogbo ayé sì rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláṣẹ. Wọn kò ní ìwé àṣẹ láti gba owó aráàlú sọ́wọ́. Ní 2010 ó dà wó, owó tó lé ní bílíọ̀nù 100 fráǹkì sì bá a lọ. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ CRIET tó dá ẹjọ́ náà. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé: "Ta ló rán ọ?" Oríṣi méjì ni wọ́n. Èkíní jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ kan, tí wọ́n ń pè ní agent général lédè Faransé. Bí irú ẹni yẹn bá jẹ owó, ilé-iṣẹ́ tó rán an níṣẹ́ ní ẹjọ́ láti jẹ́. Èkejì ni courtier, ẹni tó ń bá ẹ̀yin oníbàárà wá ilé-iṣẹ́. Aṣojú yín ni òun. Òfin ní kó gba àṣẹ lọ́wọ́ Mínísítà tó ń bójú tó asúráǹsì, kó sì ní onídùúró fún owó àwọn ènìyàn tó ń gbà. Ẹ ní kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó bá bínú torí pé ẹ béèrè káàdì, ẹ má fún un lówó.

Tí ẹ bá ti sanwó, ẹ gba rẹ̀sú lọ́jọ́ náà gan-an, kó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ nínú. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti iṣẹ́ tí wọ́n kọ pé ọkọ̀ náà ń ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yín yan ẹnì kan tó ń bọ̀ wá ná ọjà Arzèkè. Kó kó fọ́tókópì ìwé gbogbo yín dání, kó yà sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà ní Parakou, kó ní: "Ẹ bá wa wo àwọn nọ́ńbà yìí nínú ìwé yín." Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ pè, nọ́ńbà tó wà lára pátákó ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ pè. Ẹ má pe èyí tí alágbàtà kọ fún yín, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lè gbé e.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má lù ú, ẹ má sì pe èrò lé e lórí. Bí ẹ bá lù ú, ẹ̀yin lọlọ́pàá á kó. Ẹ ṣe báyìí:

Èkíní, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde títí ẹ ó fi ní asúráǹsì gidi.

Èkejì, ẹ kó gbogbo ẹ̀rí jọ: rẹ̀sú, ìwé tó fún yín, àtẹ̀jíṣẹ́ Mobile Money, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ sanwó. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ nínú fóònù.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ asúráǹsì. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó kù lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ Police Républicaine tàbí lọ́dọ̀ Procureur ní ilé ẹjọ́ Parakou. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí Direction des Assurances lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Mínísítà ètò owó ní Cotonou. Bí ẹ bá pọ̀ tó jẹ gbèsè, ẹ jọ lọ.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini. Mo sì mọ̀ pé alágbàtà náà lè kó àwọn àgbà wá bẹ̀bẹ̀, kó ní kí ẹ bo òun láṣìírí. Bó bá dá owó padà, ẹ gbà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹ ṣì sọ fún ilé-iṣẹ́. Ìdí ni pé àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà báyìí pẹ̀lú irú ìwé yẹn, wọn ò mọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbá ọmọ tó ń bọ̀ láti iléèwé, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn ọmọ náà? Bí ẹ bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé fún ẹgbẹ́ yín nìyí: kí gbogbo ẹni tó ní ìwé asúráǹsì mú un wá sí ìpàdé. Ẹni tó mọ̀wé, kó ka ọjọ́ tó parí àti iṣẹ́ ọkọ̀ sétí gbogbo yín. Ẹ jọ jíròrò rẹ̀: èwo nínú wọn ni ẹnì kan ti mú dé ọ́fíìsì rí? Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú dé ibẹ̀, kí ó bá yín wá ọjà tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.