PÁÁLÍ KÒ PARÍ IṢẸ́: Àwọn àgbàlagbà tó ń kan ọkọ̀ òfurufú lórí tábìlì

Bí ẹ bá wọ ilé ọkùnrin kan ní ìlú Òyìnbó lóru, tí ẹ bá baba ọlọ́mọ mẹ́ta nídìí tábìlì, tó gbé awò sójú, tó ń fi sáńpépà ha apá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kí lẹ máa wí? Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa wí. Ẹ ó ní, "Ṣé orí bàbá yìí pé ṣá?" Ẹ ó ní ẹni tó yẹ kó sùn kó lè jí lọ síbi iṣẹ́ ló jókòó tó ń ṣeré ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, kò jìnnà sí ti télọ̀, káfíńtà àti àwọn tó ń na ara mọ́tò. Mo sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn náà. Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín.

ṢÍLÈ MÉJÌ NI WỌ́N FI BẸ̀RẸ̀

Ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì kan, Nicholas Kove, ló dá ilé-iṣẹ́ Airfix sílẹ̀ ní London lọ́dún 1939. Ohun ìṣeré rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú ló kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tí ogun Hitler parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike ṣe òòyà. Lọ́dún 1952, wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà á, ẹni tó bá rà á ló máa tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé ìtajà ńlá tó ń jẹ́ Woolworths gbà láti máa bá wọn tà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ṣílè méjì ni o, kò gbọdọ̀ lé kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà ti dá iye lé e, ó wá ku ẹni tó ń ṣe ọjà kó ro bí òun kò ṣe ní í jẹ gbèsè. Kí ni Airfix ṣe? Wọ́n pa páálí tì, wọ́n kó ẹrù náà sínú ọ̀rá, wọ́n fi ìwé pa ẹnu rẹ̀ dé. Ara ìwé yẹn náà ni wọ́n tẹ bí wọ́n ṣe ń tò ó sí. Owó páálí ti kúrò nínú ìnáwó nìyẹn, ọjà sì tà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sórí ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tó fi máa di 1958, wọ́n ti ń ta Lancaster, ọkọ̀ ńlá ajubọ́ǹbù tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin. Èyí tóbi ju ohun tí wọ́n lè dì sínú ọ̀rá lọ, inú páálí ni wọ́n kó o sí.

Ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè lọ́dún 1981, àwọn ẹlòmíràn rà á, ṣùgbọ́n orúkọ Airfix kò parẹ́. Wọ́n ṣì ń tà á dòní.

ÍǸṢÌ KAN, ẸSẸ̀ BÀTÀ MẸ́FÀ

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Wọ́n á pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 72, wọ́n á mú ìdá kan. Ìyẹn ni pé íǹṣì kan lórí tábìlì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6 lára ọkọ̀ gidi. Apá Lancaster gidi, láti ṣóńṣó kan dé ìkejì, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 102. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, íǹṣì 17 ni yóò jẹ́ lórí tábìlì.

Ibi ìṣirò yìí ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àṣìṣe kékeré á di ńlá ní ìlọ́po 72. Bí etí apá ike bá nípọn tó mìlímítà kan péré, ẹ sọ ọ́ di ti gidi, ó ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 7! Ọkọ̀ òfurufú wo ló ní etí apá tó nípọn bíi pákó àjà? Ẹ tún wo àwọn ìṣó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kan ara ọkọ̀ òfurufú pọ̀. Ara Lancaster ti 1958 yẹn kún fún orí ìṣó wínníwínní. Bí orí ìṣó kan bá tó ìdajì mìlímítà, lára ọkọ̀ gidi á tó ẹyin ẹyẹlé. Ọkọ̀ wo ló ń fò tòun ti ẹyin ẹyẹlé lára?

Ìdí tí mo fi ní páálí kò parí iṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tí wọ́n gé ni. Ó ku kí télọ̀ rán an kó bá ara mu.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TÚN UN ṢE

Àkọ́kọ́, wọ́n á fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, nítorí òróró inú mọ́ọ̀dì lè wà lára rẹ̀, ọ̀dà kì í sì í mú ohun tó lọ́ràá. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ mímú gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára ike tí wọ́n so mọ́. Wọn kì í fi ọwọ́ lọ́ ọ já o, kó má baà ya.

Ìkejì ni pé wọ́n á dán an wò kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ kì í kàn ki aṣọ bọ ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ fi dán ara oníbàárà wò. Gọ́ọ̀mù iṣẹ́ yìí kò dà bíi ti ìwé. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n tó di ọ̀kan, bí ìgbà tí wẹ́dà bá jó irin pọ̀. Bó bá ti gan síra wọn lódì, ó di kí ẹ fi ayùn la á.

Ara ọkọ̀ náà, ìlàjì méjì ni bí èèpo ẹ̀pà. Bí wọ́n bá pa á dé, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé á ṣì máa hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó gbọ́ṣẹ́. Wọ́n á fi pútì dí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wá fi sáńpépà ha á, èyí tó le lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó kúnná lẹ́yìn, pẹ̀lú omi. Wọ́n á gbé e síwájú iná wò ó. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì hàn, wọ́n á tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Ẹ̀yin tó ń na ara mọ́tò, ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀dà kì í bo àbùkù, ńṣe ló ń tú u fó.

Etí apá tó nípọn ńkọ́? Láti inú ni wọ́n ti ń ha á kó fẹ́lẹ́, kí wọ́n tó lẹ òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Orí ìṣó yẹn náà, wọ́n á ha gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ fa ìlà fínnífínní síbi tí irin ti pàdé irin. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta. Òkè Lancaster jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, nítorí òru ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí kí wọ́n tó fà á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkìlọ̀ kan rèé o, ẹ̀yin ọ̀dọ́: èéfín gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń ràn mọ́ iná. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má mu sìgá nídìí rẹ̀, ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń fín ọ̀dà.

KÍ NÌDÍ WÀHÁLÀ TÓ TÓ BẸ́Ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí wá dé. Lancaster 7,377 ni wọ́n kàn. Lónìí, méjì péré ló ṣì ń fò, ọ̀kan ní ìlú Òyìnbó, ọ̀kan ní Kánádà. Ọkùnrin méje ló máa ń wà nínú ẹyọ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1944, ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 gbéra láti lọ ju bọ́ǹbù sí ìlú Nuremberg ní Jámánì. Òṣùpá mọ́lẹ̀, àwọn ará Jámánì sì ti ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀run. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọkọ̀ 95 kò padà. Ọkùnrin tó lé ní 500 ló kú. Àwọn tí bọ́ǹbù já lù nílẹ̀ náà, ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọ́n níyàá.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó kú. Bankole Vivour lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú 156 ló wà, àwọn tó ń ṣáájú lọ fi iná aláwọ̀ sàmì síbi tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa jubọ́ǹbù sí. Ọmọ tó kúrò nílé, tó lọ jagun onílé lókè òkun, tí kò fojú kan ìyá mọ́.

Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ 156 ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lancaster wọn ni GT, pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta páálí kò lè tẹ lẹ́tà ọkọ̀ 7,377. Ti àwọn tó lókìkí ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rántí Bankole àti àwọn tí wọ́n jọ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa yọ lẹ́tà inú páálí sọ nù, tó máa wá G àti T, tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Ṣé ẹ rí i wàyí pé kì í ṣe eré ọmọdé? Láti ọdún 1963 ni àwọn tó ń ṣe é ní ìlú Òyìnbó ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ wọn nílùú Telford, tí wọ́n ń wo iṣẹ́ ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá tún ní "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa rí i," ẹ sọ ti bàbá tó ń ha etí apá íǹṣì 17 lóru fún un.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló bógun Hitler lọ nínú ẹbí yín, tí kò padà wálé? Kí ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, ojú ìwé lẹ́tà ń retí yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.